Òrùka dáyámọ́ǹdì aláwọ̀ aró: ṣé àbínibí ni èyí tí mo fẹ́ rà yìí, àbí wọ́n pa á láró?

Ọmọ Olósùnta (ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án alẹ́)

Èkìtì Kete, mo kí gbogbo ilé o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan kí n tó ná owó tí mi ò ní tètè rí kó jọ mọ́.

Oṣù Kejìlá ni ìdána wa, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ bíi tèmi ni ìyàwó àfẹ́sọ́nà mi, Adó la jọ ń gbé báyìí. Aláró ni ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ìdí ìkòkò aró ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Títí màmá náà fi wọ káà ilẹ̀, aró kì í kúrò lábẹ́ èékánná wọn. Ó ní òun ò fẹ́ òrùka olókùúta funfun. Bí òun bá máa wo ìka òun títí ọjọ́ ayé òun, àwọ̀ aró lòun fẹ́ máa rí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọdún mẹ́ta ni mo fi tọ́jú owó.

Mo wá rí oníṣòwò ọ̀ṣọ́ kan, kì í ṣe ní Èkìtì. Ó gbé òrùka méjì kalẹ̀ níwájú mi, dáyámọ́ǹdì aláwọ̀ búlúù ni méjèèjì, wúrà kárátì 18 ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Ó ní òkúta kọ̀ọ̀kan tó ìdajì kárátì. Èkíní, ₦2,800,000, ó ní "natural" ni. Èkejì, ₦750,000, ó ní "treated" ni. Kí n sòótọ́, ojú mi ò rí ìyàtọ̀. Àní èyí tí owó rẹ̀ kéré ló búlúù jù. Ó ní kí n san ìdajì owó kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, pé ẹlòmíì ti ń bi òun léèrè rẹ̀.

Kí ni "treated" yìí gan-an? Ṣé ayédèrú ni? Ṣé ó yẹ kí n kó gbogbo owó ọdún mẹ́ta lé èyí tó ní natural ni? Kárátì tó ń pè náà ò yé mi: bí wúrà bá jẹ́ kárátì 18, báwo ni òkúta ṣe wá jẹ́ ìdajì?

Alágbẹ̀dẹ Wúrà Adó (ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀)

Àbúrò, o kú oríire. Má san kọ́bọ̀. Oníṣòwò tó ní ẹlòmíì ń bọ̀ wá rà á, jẹ́ kí ẹlòmíì náà dé ná.

Kí n kọ́kọ́ tú ti kárátì. Kárátì ti wúrà ń sọ bí wúrà inú nǹkan ṣe pọ̀ tó: 24 ni wúrà pọ́ńbélé, 18 jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wúrà, ìyókù jẹ́ fàdákà, kọ́pà àti irú wọn. Kárátì ti òkúta, ìwọ̀n ni. Kárátì márùn-ún ló wà nínú gíráàmù kan ṣoṣo. Ìdajì kárátì tí wọ́n fi hàn ọ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù. Orúkọ kan náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ni wọ́n ti fi èyí dà láàmú.

Ó kan ọ̀rọ̀ tó gbé ọ wá. Ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀, ọkùnrin yẹn sì pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Àkọ́kọ́: ṣé inú ilẹ̀ ni òkúta yìí ti wá? Èkejì: ṣé inú ilẹ̀ náà ni àwọ̀ rẹ̀ ti wá? Ìwọ tó ń fẹ́ ọmọ aláró, èyí ò ní ṣòro fún ọ. Òwú tó hù lóko, òwú gidi ni. Bí wọ́n bá rẹ ẹ́ láró, òwú gidi ló ṣì jẹ́, kò sẹ́ni tó lè pè é ní ayédèrú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé láti oko ló ti dúdú wá. Dáyámọ́ǹdì tí wọ́n pa láró ni "treated". Dáyámọ́ǹdì ni. Àwọ̀ rẹ̀ ni kì í ṣe tàbínibí.

Kí ló wá dé tí mo fi ní kí o má san? Owó tí ó dá lé e ni. Dáyámọ́ǹdì tó jẹ́ búlúù láti inú ilẹ̀ wà lára ohun tó ṣọ̀wọ́n jù lọ tí ọwọ́ ènìyàn lè tẹ̀. Ní 2015, ilé gbàǹjo Sotheby's ta ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Blue Moon of Josephine ní Geneva. Kárátì 12.03 ni, mílíọ̀nù 48.4 dọ́là ni wọ́n tà á. Ní 2016, Christie's ta Oppenheimer Blue, kárátì 14.62, ó lé ní mílíọ̀nù 57 dọ́là. Ṣírò ọ̀kan tàbí èkejì, wàá rí i pé kárátì kan ń lọ sí bíi mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là. Mo mọ̀ pé àwọn yẹn ni ọba wọn, kékeré tí àwọ̀ rẹ̀ kò mọ́ tó tiwọn kì í sún mọ́ ibẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, ìdajì kárátì tó jẹ́ búlúù dáadáa láti inú ilẹ̀, kò sí bó ṣe fẹ́ wọ inú mílíọ̀nù mẹ́ta náírà pẹ̀lú wúrà tó gbé e dání.

Ǹjẹ́ ìwé kankan tẹ̀lé wọn? Ohun tó wà nínú ìwé náà ni kí o kọ síbí, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Má tún un sọ ní ọ̀nà tìrẹ.

Olùkọ́ Físíìsì, Ìkọ́lé (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́, bàbá alágbẹ̀dẹ. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kún un, torí inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yìí gan-an.

Kábọ́ọ̀nù ni dáyámọ́ǹdì, irú kábọ́ọ̀nù tó wà nínú èédú. Bó bá mọ́ pátápátá, kì í ní àwọ̀. Ohun tó sọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn àbínibí búlúù di búlúù ni bórọ́ọ̀nù, èròjà mìíràn, tó yọ́ wọ àárín kábọ́ọ̀nù nígbà tí òkúta náà ń dàgbà. Bíńtín ni: lọ́pọ̀ ìgbà kì í tó ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù. Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ gan-an mọ bórọ́ọ̀nù dunjú, òun ló wà nínú bórákìsì tí ẹ máa ń bù lé wúrà nígbà tí ẹ bá ń jó o pọ̀.

Ní 2018, àwọn onímọ̀ kan gbé èsì ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Nature. Wọ́n yẹ dáyámọ́ǹdì búlúù 46 wò, wọ́n wo ẹ̀rún àwọn òkúta mìíràn tó há sínú wọn, wọ́n sì rí i pé ibi tó jìn tó 660 kìlómítà, ó kéré tán, ni wọ́n ti ṣẹ̀dá. Ẹ mú ọ̀nà Adó sí Èkó, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí ẹ wá nà án lóròó wọ inú ilẹ̀ lọ. Ìdajì ibẹ̀ pàápàá, ọ̀pọ̀ dáyámọ́ǹdì funfun kò dé e. Bíi 150 sí 200 kìlómítà ni tiwọn. Bórọ́ọ̀nù ò sì pọ̀ nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n rò ni pé ilẹ̀ abẹ́ òkun ayé àtijọ́ ló rì, tó gbé e lọ sísàlẹ̀. Èyí ni kò fi lè pọ̀ lọ́jà. Ibi tí wọ́n ti ń rí wọn jù lóde òní ni kòtò ìwakùsà Cullinan ní South Africa.

Èyí tí wọ́n pa láró ńkọ́? Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n mú dáyámọ́ǹdì tí àwọ̀ rẹ̀ ò wu ọjà, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí omi tíì, kí wọ́n wá fi ẹ̀rọ rọ òjò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ẹ̀rún bíńtín tó ń gbé iná mànàmáná, lé e lórí. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn á ta kábọ́ọ̀nù kan síbí, á ta òmíràn sọ́hùn-ún, àlàfo á sì ṣẹ́ kù síbi tí wọ́n ti kúrò. Àlàfo yẹn ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, tí ojú wa fi ń rí búlúù, búlúù tó sábà máa ń fà sí àwọ̀ ewé díẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ooru gíga pẹ̀lú ìfúnpá ńlá. Ìkẹta ni pé kí wọ́n kàn fi nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kun ara òkúta, bí a ṣe ń fi ọ̀dà kun ilẹ̀kùn.

Ìyàtọ̀ kan wà tó wù mí láti máa sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Bórọ́ọ̀nù máa ń jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú dáyámọ́ǹdì kọjá. Èyí tí àlàfo sọ di búlúù kì í gbé iná.

Ìyá Ìbejì, Ìyìn (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sán)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń rọ òjò lé òkúta yìí bà mí lẹ́rù o. Nígbà tí wọ́n ń fi ìtànṣán tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nílé ìwòsàn, ojú mi ló ṣe. Awọ ọrùn rẹ̀ bó. Ṣé irú rẹ̀ ni ọmọ yìí fẹ́ fi sí ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, tí yóò máa fi gún iyán, tí yóò máa fi wẹ ọmọ?

Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n tún béèrè èyí tó ń ká mi lára. Owó tó ń lọ sí mílíọ̀nù mẹ́ta, ẹ ní kó máa fi ra ohun tó fúyẹ́ ju èso àgbàdo lọ? Ní ìlú wa, owó yẹn bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé.

Olùkọ́ Físíìsì, Ìkọ́lé (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sán)

Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù: bí wọ́n bá ti gbé òkúta kúrò nídìí ẹ̀rọ, kò sí ìtànṣán kankan tó ń jáde lára rẹ̀. Bí a bá tan iná yàrá tí a sì pa á, ìmọ́lẹ̀ kì í kù sára ògiri. Bẹ́ẹ̀ ló rí.

Èyí tó yẹ kí a sá fún ni ti àtijọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Crookes, ri dáyámọ́ǹdì mọ́ inú rédíọ̀mù, ohun tó ń tú ìtànṣán jáde fúnra rẹ̀, títí ó fi di aláwọ̀ ewé. Irú èyí máa ń ní ìtànṣán lára fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Kò wọ́pọ̀ mọ́ lọ́jà, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá gbé òrùka àtijọ́ aláwọ̀ ewé tàbí búlúù wá pé ẹrù bàbá ńlá òun ni, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Àdùkẹ́ Houston (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òru)

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀, mi ò fẹ́ sọ tèmi, ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí mo bá dákẹ́ tí ọmọ yìí sì kó sí i, mi ò ṣe é dáadáa.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni mí. Ọdún kẹfà rèé tí ọkọ mi ra òrùka dáyámọ́ǹdì búlúù fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dára, kí n má purọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ kejì, ìka mi wú, òrùka náà ò wọlé mọ́. Nígbà tí mo wálé ìsìnkú bàbá mi, mo gbé e fún alágbẹ̀dẹ kan pé kó bá mi fẹ̀ ẹ́. Kò béèrè ohunkóhun, èmi náà ò sọ ohunkóhun, torí mi ò mọ̀ pé ohun kan wà láti sọ. Ó fi iná gáàsì sí i bó ṣe ń fi sí òrùka gbogbo. Nígbà tó dá a padà fún mi, òkúta tó dà bí ojú ọ̀run nígbà tí mo gbé e kalẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé tó pọ́n, bí ewé tí ọ̀dá mú. Mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn, mo sunkún bíi pé wọ́n tún ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ikú bàbá mi fún mi.

Nígbà tí mo padà, mo wá ìwé tó tẹ̀ lé òrùka náà jáde. Ó wà níbẹ̀, lẹ́tà wínniwínni nísàlẹ̀, pé wọ́n fi ìtànṣán yí àwọ̀ rẹ̀ padà, pé kí á má ṣe jẹ́ kí iná kàn án. Oníṣòwò náà ò fi ẹnu sọ ọ́ fún ọkọ mi rí. Òfin ìṣòwò nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí sì ní kí ẹni tó ń tà á sọ ọ́ fún oníbàárà bí ìtọ́jú àrà ọ̀tọ̀ bá wà tí irú òkúta bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Wọ́n sọ ọ́ lóòótọ́, ibi tí ojú ò dé ni wọ́n sọ ọ́ sí.

Àbúrò, ìmọ̀ràn mi ni pé kí o má ra èyí tí wọ́n pa láró rárá.

Alágbẹ̀dẹ Wúrà Adó (ọjọ́rú, àárọ̀ kùtù)

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n wa ní Houston. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí, torí iṣẹ́ tèmi ló dá a. Iná tí a fi ń jó wúrà pọ̀ ju ohun tí àwọ̀ bẹ́ẹ̀ lè fara dà lọ fíìfíì. Àwọn àlàfo tí olùkọ́ sọ yẹn, ooru ló ń dí wọn tàbí tó ń gbé wọn kúrò ní ipò, àwọ̀ á sì yí padà. Ẹni tó bá mọ̀ á yọ òkúta kúrò lórí òrùka kí iná tó dé ibẹ̀, á sì tún un gbé kalẹ̀ nígbà tí wúrà bá ti tutù. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ tó bá ń kà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa béèrè kí ẹ tó tan iná. Bí oníbàárà bá ní òun ò mọ̀, ẹ ṣe é bíi pé wọ́n pa á láró.

Àbínibí búlúù kì í yí àwọ̀ padà bẹ́ẹ̀, bórọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ò ní ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n iná tó pọ̀ jù á jó ara dáyámọ́ǹdì èyíkéyìí di rúúrúú, nítorí náà gbogbo wọn ló fẹ́ ìṣọ́ra.

Ọmọ Ìjerò (ọjọ́rú, ọ̀sán)

Ilé olókùúta ni wọ́n bí mi sí, Ìjerò-Èkìtì, níbi tí tọ́málínì àti kùsà oríṣiríṣi wà nínú ilẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń rí àwọn tó ń wá ra òkúta lọ́wọ́ bàbá mi, mo sì ti rí ọgbọ́n wọn.

Ẹ má gbára lé tẹ́sítà tí oníṣòwò máa ń fi kan òkúta tó bá ké píì. Bí ooru ṣe ń sáré gba inú òkúta kọjá ni púpọ̀ nínú wọn ń wò. Èyí tí wọ́n pa láró á ké, torí dáyámọ́ǹdì ni. Èyí tí wọ́n ṣe nílé ẹ̀rọ á ké, torí òun náà dáyámọ́ǹdì ni. Kódà moissanite, tí kì í ṣe dáyámọ́ǹdì rárá, máa ń ké lára ọ̀pọ̀ wọn. Píì yẹn ò dáhùn ìkankan nínú ìbéèrè méjì tí bàbá alágbẹ̀dẹ là sílẹ̀.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ: tẹ́sítà tó ń fi iná mànàmáná dá moissanite mọ̀ lè pe àbínibí búlúù gidi ní moissanite, torí àwọn méjèèjì ló ń gbé iná. Ẹni tí kò mọ̀ lè ju ohun tí owó ìlú kan ò tó rà dà nù. Iná yẹn náà ò sì yanjú gbogbo rẹ̀, torí dáyámọ́ǹdì búlúù tí wọ́n ṣe nílé ẹ̀rọ, bórọ́ọ̀nù ni wọ́n fi sí i, á gbé iná bíi ti inú ilẹ̀. Ilé àyẹ̀wò tó ní ẹ̀rọ ńlá nìkan ló lè parí ẹjọ́ yìí.

Ọmọ Olósùnta (ọjọ́rú, alẹ́)

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà mi. Àdùkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò.

Mo padà lọ lónìí. Ìwé kéékèèké kan wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ṣọ́ọ̀bù náà ló tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ohun tó wà lórí ti ₦2,800,000 rèé: "Natural diamond. Colour enhanced." Ti ₦750,000: "Diamond, colour coated." Mo béèrè ìwé GIA, ilé àyẹ̀wò òkúta ti Amẹ́ríkà, ó ní ìwé yẹn fún àwọn olówó Èkó ni, pé òrùka òun ò nílò rẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan "colour enhanced", mo ní kí ló túmọ̀ sí. Ó ní wọ́n kàn fọ òkúta náà kó lè dán ni.

Alágbẹ̀dẹ Wúrà Adó (ọjọ́rú, alẹ́)

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí o padà lọ. Ìwé oníṣòwò náà gan-an ti sọ ọ́. "Natural diamond" dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́: òkúta wá láti inú ilẹ̀. "Colour enhanced" dáhùn èkejì: àwọ̀ ò wá láti ibẹ̀, wọ́n tún un ṣe. Ọkùnrin yẹn ka ìlà àkọ́kọ́ fún ọ, ó sì bo èkejì mọ́lẹ̀. Àwọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ pa ló ń pè ní fífọ̀. Èyí ò yàtọ̀ sí jìbìtì.

Ti ₦750,000 yẹn, fi sílẹ̀. Ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi kùn ún, ìdí nìyẹn tó fi búlúù ju èkejì lọ lójú rẹ. Ó lè ha níbi tó bá ti ń fara kan nǹkan, omi ásíìdì tí a fi ń fọ wúrà lẹ́yìn iná lè bó o. GIA gan-an kì í fún irú òkúta tí wọ́n kùn ní ìwé àyẹ̀wò ìpele.

GIA yìí, Amẹ́ríkà ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1931, wọn kì í ta òkúta, àyẹ̀wò ni tiwọn. Bí ìwé wọn bá wà fún dáyámọ́ǹdì aláwọ̀, ibi tí wọ́n kọ orísun àwọ̀ sí ni kí o kọ́kọ́ wò, kí o tó wo iye kárátì. Ìwé yẹn ní nọ́ńbà, o lè tẹ nọ́ńbà náà sí ojú òpó wọn lórí fóònù rẹ kí o rí bóyá ohun kan náà ló jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n tún máa ń fi iná léésà kọ nọ́ńbà náà sí etí òkúta. Èmi ní gíláàsì tí a fi ń wò ó.

Àdùkẹ́ Houston (ọjọ́rú, òru)

Ṣé ẹ rí i? Mo tún un sọ: fi méjèèjì sílẹ̀. Òkúta tí a ní láti máa pa mọ́ fún iná, tí bí a bá fẹ́ tà á lọ́la kò sẹ́ni tó máa fún wa ní ìdajì owó rẹ̀, kí ni a ń fi ṣe?

Alágbẹ̀dẹ Wúrà Adó (ọjọ́bọ̀, àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà pẹ̀lú yín pátápátá, ẹ má bínú. Ti títà, òótọ́ lẹ sọ, ẹni tó bá rò pé òun fẹ́ tọ́jú owó sínú òkúta tí wọ́n pa láró ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n òrùka ìyàwó kọ́ là ń rà fún títà. Búlúù tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù pa, bí iná ò bá kàn án, kì í ṣá. Omi, ọṣẹ, oòrùn, iyán gígún, kò sí èyí tó lè mú un kúrò. Ọmọ òṣìṣẹ́ tó fẹ́ búlúù, tí kò ní mílíọ̀nù dọ́là, irú rẹ̀ ni dáyámọ́ǹdì búlúù tí apá rẹ̀ ká. Owó rẹ̀ ni kó bá a mu. Ojú mi, òrùka ₦2,800,000 yẹn ga ju ohun tó yẹ lọ, torí owó irọ́ wà nínú rẹ̀.

Ọmọ Ìjerò (ọjọ́bọ̀, ọ̀sán)

Ọ̀nà kẹta wà. Sáfírè! Búlúù ni láti inú ilẹ̀, orí òkè Mambilla ní Taraba níbí ni wọ́n ti ń wà á. Nínú líle, 9 ni, dáyámọ́ǹdì jẹ́ 10. Tọ́málínì tiwa náà rẹwà, ṣùgbọ́n fún òrùka ojoojúmọ́ mi ò ní tàn yín, ó rọ̀ ju sáfírè lọ, eruku àti iyanrìn á ha á. Sáfírè náà, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fi iná mú àwọ̀ rẹ̀ mọ́, torí wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Iná ti sáfírè kì í ṣàìdúró, àwọ̀ náà kì í padà. Kí á kàn sọ ọ́ ni.

Ìyá Ìbejì, Ìyìn (ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́)

Ọmọ mi Olósùnta, gbogbo yín ló ti sọ̀rọ̀, ẹni tó fẹ́ fi òrùka sọ́wọ́ ni mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣé ọmọ náà mọ nǹkan tí ẹ ń rò yìí? Lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, irọ́ oníṣòwò àti iye tó wà lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá fi pamọ́ tó sì wá mọ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ó lè rò pé ìwọ lo tan òun jẹ.

Ọmọ Olósùnta (ọjọ́ Àbámẹ́ta, alẹ́)

Màmá, ẹ ṣeun. Mo sọ fún un lálẹ́ ọjọ́bọ̀. Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín fún un, títí dórí ti Àdùkẹ́, ojú rẹ̀ sì rẹ̀ wálẹ̀ níbẹ̀.

Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Màmá mi ò lọ sínú oko rí kí wọ́n bá òwú dúdú. Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Kí ló dé tí màá fi tijú òkúta tí wọ́n rẹ láró?" Ó ní ohun tí màmá náà ò ṣe rí ni kí wọ́n ta aṣọ tí wọ́n rẹ lẹ́ẹ̀kan fún ẹni tó san owó èyí tí wọ́n rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ní àárọ̀ òní, àwa méjèèjì la jọ lọ bá ọkùnrin yẹn. Mo tẹ nǹkan tí mo fẹ́ kó kọ sórí rìsíìtì jáde lórí fóònù mi: pé dáyámọ́ǹdì inú ilẹ̀ ni, pé wọ́n fi ìtànṣán yí àwọ̀ rẹ̀ padà, pé kí iná má kàn án. Ó kọ̀. Ó ní bí òun bá kọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa san iye yẹn. Ìyàwó mi ní, "Ìyẹn náà la fẹ́ sọ fún un yín." A jáde.

Níbi tí a dé yìí, ẹ bá wa wá ẹni tó lè ta èyí tí wọ́n pa láró pẹ̀lú òtítọ́ lórí ìwé. Àdùkẹ́, mo mọ̀ pé ẹ ò fọwọ́ sí i. A gbọ́ yín, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ iná fi jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ìyàwó mi béèrè.

Àdùkẹ́ Houston (ọjọ́ Àbámẹ́ta, òru)

Ẹ kí i fún mi. Mi ò tíì yí ọkàn padà lórí òkúta náà, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ọ jáde ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, dì í mú o.

Alágbẹ̀dẹ Wúrà Adó (ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn)

Ẹ wá sọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ yìí. Mo mọ ẹnì kan tó ń kó òkúta wọlé pẹ̀lú ìwé ilé àyẹ̀wò, a ó jọ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ lójú ẹ̀yin méjèèjì. Òkúta nìkan ni kí ẹ rà, èmi á ṣe wúrà rẹ̀ níbí, màá parí gbogbo iṣẹ́ iná kí n tó gbé e jókòó. Kí ìyàwó wa wá ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe àárọ̀: ìka máa ń tóbi díẹ̀ bí ọjọ́ bá ti lọ, ìwọ̀n ìrọ̀lẹ́ ni kì í jẹ́ kí òrùka fún ènìyàn. Kó mú òwú aró kan dání láti ilé màmá náà, bí ó bá ṣì wà. Òun la ó fi wọn ìka rẹ̀.